Ìṣẹ́jú Méjì Tí Alvin Hruska Fi Tọrẹ

Bàbá ọkọ mi, Alvin Hruska, kú ní ìgbà tí òdòdó aláwọ̀ búlúù ń tanná lẹ́bàá títì ní Schulenburg, ìlú wa ní Texas. Nídìí ẹ̀rọ tí ń gé irin ló ti lo ayé rẹ̀. Ó máa ń ṣe ìbọn ọdẹ fún ara rẹ̀, iṣẹ́ tí òfin kò kà léèwọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé láti ṣe irú àwọn ìbọn náà, ó sì ń gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tirẹ̀, àwòrán kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìjọba tó bá dí ọ̀kan lónìí yóò dí èkejì lọ́la.

Èmi kò gbà. Ìbọn àdáṣe tí kò ní nọ́ńbà tí wọ́n lè fi tọpa ẹni tó ni ín ni wọ́n fi pa àbúrò mi, Rubén, ní San Antonio. Ọlọ́pàá rí ìbọn náà nílẹ̀, ṣùgbọ́n títí dòní wọn kò mọ ẹni tó yìn ín. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni èmi àti Bàbá máa ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí lórí oúnjẹ, ọkọ mi á sì máa bu ọ̀dùnkún sí àwo rẹ̀ bíi pé kò gbọ́ wa.

Nígbà tí ilé aṣòfin ní Austin dá ọjọ́ tí aráàlú yóò sọ̀rọ̀ lórí òfin tí yóò ka gbígbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde léèwọ̀, àwa méjèèjì fẹ́ lọ. Bàbá ní kí nìdí tí a ó fi sun epo ọkọ̀ méjì, ni mo bá wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé kolaṣi, búrẹ́dì aládùn tí wọ́n fi èso sí láàárín, lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, “Ìyàwó, o máa lọ sọ mí lókùúta, o sì ń jẹ búrẹ́dì mi.”

Mo ní, “Bàbá, ẹni tó máa sọ òkò gbọ́dọ̀ yó.”

Ó rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà, ó béèrè irú ẹni tí Rubén jẹ́, mo sì sọ fún un.

Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ tí o kò sí níbẹ̀, ó ti kọjá nìyẹn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn mí, mo sáré jáde lọ bì. Kí n tó padà, wọ́n ti pè mí kọjá. Mo bẹ akọ̀wé, ó ní kò ṣeé ṣe. Mo jókòó, mo ń sunkún. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò ní sí ẹni tí yóò dárúkọ Rubén nínú ilé yẹn.

Wọ́n pe Alvin Hruska. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó ní òun kò fara mọ́ òfin náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòun parí síbẹ̀.

“Ìyàwó ọmọ mi ló yẹ kó dúró síbí. Àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Rubén Arriaga. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ fún mi lọ́nà.”

Ó sọ bí Rubén ṣe ń tún òrùlé ilé ṣe, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín kó tó parí àwàdà tirẹ̀. Ibi tí ìyá wa kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bàtà Rubén kúrò lẹ́nu ọ̀nà ló dé tí aago fi dún. Ó dúpẹ́, ó jókòó.

Nínú ọkọ̀, mo béèrè ìdí tó fi fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Tèmi ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibo ni wọ́n ti ń gbọ́ ti Rubén?”

Àwọn aṣòfin kò fọwọ́ sí òfin náà. Bàbá kò yọ àwòrán kan kúrò, èmi náà kò sì yí ọkàn padà. Iyàn wa ń bá a lọ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá mi, mo ní wọ́n ti gbọ́ orúkọ Rubén nílé aṣòfin. Ó béèrè ẹni tó sọ ọ́. Mo ní bàbá ọkọ mi ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó tamale, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ẹran sí nínú, kún apẹ̀rẹ̀, ó ní kí n gbé e fún Alvin, kó má ṣe fún ẹlòmíràn jẹ nínú rẹ̀.