Síílà Alàájì

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe kọ ọ́, mi ò kàwé jìnnà. Òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ló mú mi rántí ọ̀sán kan ní Ìfọ̀. Bàbá mi ń kun mọ́tò Alàájì tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

"Alàájì, síílà tí ẹ rà yìí ò bá práímà tó wà nílẹ̀ mu o."

"Ta ló bi ẹ́? Kùn ún jàre!"

Wọ́n fi síílà náà kùn ún lórí práímà, ọ̀dà àkọ́kùn. Ọ̀dà náà hunjọ bí ojú ẹ̀kọ tó tutù.

"Ayédèrú pẹ́ńtà!" ni Alàájì ń pariwo.

Bàbá mi, tí wọn ò jẹ̀bi, dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ti wá yé mi pé torí ilẹ̀ náà ni. Síbẹ̀, inú ń bí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàájì kọjá níwájú ilé wa. Mi ò kúnlẹ̀ kí i.