Egya Abakah Kọ̀yìn sí Pápá

Gbaun. Gbaun. Gbaun-gbaun-gbaun.

Ìró irin yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí láyé mi. N kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa tí mo ti mọ̀ pé bí ó bá dún láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá mi kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi yóò sì wá aṣọ búlúù mi jáde. Àgékù irin ojú ọ̀nà rélùwéè ni, tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ sára igi máńgòrò àdúgbò wa ní Sekondi. Abakah Eshun ló máa ń lù ú, Egya Abakah, nítorí Egya ni gbogbo wa ń pe àwọn tó tó bàbá wa. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Òun ló gbé e wálé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé aago ọwọ́ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ wálé.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bonsu ló ń lù ú fún. Bonsu ni àbùùbùtán, ẹja tó ń da agbami rú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, inú kòtò omi ni àbùùbùtán tiwa ń lúwẹ̀ẹ́. Ìdíje ìsàlẹ̀ la wà, a ń bá àwọn ẹgbẹ́ tí ewúrẹ́ ń jẹko lórí pápá wọn ta kàn-ń-gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bonsu gòkè rí, kí wọ́n tó bí mi. Kò pẹ́ lókè tó fi jábọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gòkè yẹn, Egya Abakah wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó igi gẹdú bọ̀ láti òkè ni, inú yàrá kékeré tó gbẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ bíréèkì máa ń jókòó. Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá ní ibùdókọ̀ kan, ọ̀gá ibùdó sáré tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé, “Ẹ ti gòkè o! Bonsu ti gòkè!” Ọkọ̀ kò dúró. Kò ráyè bèèrè ẹni tó gbá a wọlé. Ó dá nìkan jó nínú yàrá yẹn, ó ń lu pátákó, igbó ń sá lọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo gbọ́ ọ,” ló máa ń wí. “Gbígbọ́ kọ́ ni rírí. Kí n tó kú, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.”

Ẹni bá fẹ́ mọ èrò Egya Abakah nípa bọ́ọ̀lù, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun Kweku Sagoe lọ́jọ́ Sátidé. Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ló máa ń to ìdérí ìgò sí, mọ́kànlá síbí, mọ́kànlá sọ́hùn-ún. Níbẹ̀ la ti máa ń gbọ́ ẹjọ́ Bentum.

Bentum ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì, ọmọdékùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tí Bonsu gbà ló sọ fún un pé kó máa sáré lọ síwájú bí bọ́ọ̀lù bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Egya Abakah sùn.

“Wò ó,” ó fi ìka tẹ ìdérí ìgò kan. “Bentum nìyí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní kó ṣọ́. Kí ló ń wá lọ síwájú? Èmi tí mo ṣọ́ bíréèkì ní ìdí ọkọ̀, ṣé mo máa ń rìn lọ bá awakọ̀ níwájú pé kó jẹ́ ká jọ wà á?”

“Ọkọ̀ ojú irin ti kógbá sílé,” ni Sagoe dáhùn, àlùmọ́gàjí rẹ̀ kò dúró. “Ìwọ nìkan ló kù nínú rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń gbá a báyìí.”

“Gbogbo ayé kò nílẹ̀kùn ni? Bí ó bá sáré jáde, ta ni yóò tilẹ̀kùn?”

“Ìyàwó rẹ.”

“Ìyàwó mi ti kú, Sagoe.”

“Mo mọ̀. Ká ní ó wà láyé, ì bá ti ní kó o panu dé kí n lè gé irun rẹ tán.”

Egya Abakah fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwa yòókù wá tẹ̀ lé e. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi tí mo máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí itan, mo máa ń rò ó pé bóyá kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni bàbá yìí ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn, tó ń rí kìkì ibi tí ọkọ̀ ti kúrò. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì bínú sí ẹni tó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ tó lọ síwájú.

Òfin kan wà ní ìjókòó tiwa. Ní ọdún kan, Sagoe bú aṣọ́lé wa lójú pápá. Ọmọ náà gbọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, kó sì tó nù ún tán, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Níbi ìpàdé àwa alátìlẹyìn Bonsu, Egya Abakah dìde, ó ní ẹni bá bú ọmọ wa lójú pápá yóò kọ̀yìn sí eré títí eré yóò fi parí. Gbogbo ọwọ́ ló nà sókè. Sagoe ló kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn sì ti fi í ṣẹ̀sín.

Ó wá ku eré kan ṣoṣo kí ìdíje parí lọ́dún náà. Àwọn Awakùsà Tarkwa là ń retí. Bí a bá lù wọ́n, àwa la gòkè. Bí a bá ta ọ̀mì, àwọn ló gòkè. Egya Abakah lu irin rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà fi ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun parí ìwàásù.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, pápá ti kún. Maame Tawia jókòó sí ipò rẹ̀ níwájú, òun ni alága wa. Lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n bí i, bí Ìdòwú láàárín àwọn Yorùbá, agídí rẹ̀ kò sì kéré sí ti Ìdòwú. Ẹja díndín ló ń tà, agbada ẹja rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí itan rẹ̀ títí eré yóò fi parí. Egya Abakah jókòó ní ìlà tó ṣáájú pátápátá, kó má baà sí orí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti pápá. Ó ti nu gíláàsì ojú rẹ̀ títí.

Eré kò tíì gbóná tí ohun tó ń bẹ̀rù fi ṣẹlẹ̀. Bentum gba bọ́ọ̀lù, ó sáré kọjá àárín pápá, ó fẹ́ ré ẹnìkan kọjá, wọ́n gbà á mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn Awakùsà ta á sí ibi tó fi sílẹ̀ gan-an. Kò sí ẹ̀dá níbẹ̀. Ẹni tó gbá a wọlé tilẹ̀ dúró yan ibi tí yóò gbá a sí.

“Bentum!” Egya Abakah ti wà lórí ìdúró. “Aṣiwèrè! Ọmọ tí ilé wọn kò nílẹ̀kùn! Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?”

Bentum gbójú sókè wò wá. Maame Tawia rọra yọ gíláàsì oòrùn rẹ̀.

“Egya Abakah.”

“Maame, mi ò bú u. Mo kàn pè é ni.”

“‘Aṣiwèrè’ ni orúkọ rẹ̀ ni?”

Sagoe ti ń pàtẹ́wọ́. “Ọlọ́run mi, o ṣeun! O dá ẹ̀mí mi sí kí n lè rí ọjọ́ òní!”

“Maame Tawia, ẹ jọ̀ọ́,” Egya Abakah rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ mọ bí mo ṣe ń retí ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ n ra ẹja fún gbogbo ìlà yìí.”

“Ẹja mi lẹ fẹ́ fi bẹ̀ mí?” Maame Tawia wò ó, mo rí i pé àánú rẹ̀ ṣe é. Síbẹ̀ ó ní, “Ta ló ṣe òfin, Egya?”

Ó yípadà, ó jókòó, ó sì kọjú sí wa.

N kò mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn fi ojú rẹ̀ ṣe nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó tó ń wò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yẹjú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi gbàgbé rẹ̀, nítorí wọ́n ti fún Bonsu ní bọ́ọ̀lù kan láti gbá láti igun pápá, bọ́ọ̀lù lọ sókè, orí kan yọ láàárín orí, ó wọlé! Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ ń fò kúrò nínú ewé rẹ̀, aṣọ ìnujú funfun ń fẹ́ lókè bí ẹyẹ òkun. Egya Abakah dìde, ó ń jó, ó ń wò wá, ó ń béèrè pé, “Ta ni? Ta ló gbá a?”

A dé ìsinmi, a padà, eré sì le bí ògiri. Ọ̀kan sí ọ̀kan kò tó wa. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kó parí, Maame Tawia na ọwọ́ sí i.

“Egya, ó tó. Ẹgbẹ́ dárí jì yín. Ẹ yípadà kẹ́ ẹ wòran.”

Ojú bàbá náà tàn. Ó ti yí èjìká kan, nígbà tí Sagoe bú sígbe lẹ́yìn mi.

“Má yí o! Abakah, má yí!”

“Kí ló tún dé?” ni Maame Tawia wí.

“Ìgbà tó ń wòran, wọ́n gbá a sí wa. Ìgbà tó kọ̀yìn, àwa gbá a wọlé. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bá wa ṣeré!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Òótọ́ ni.” Ẹlòmíràn ní, “Egya, ẹ ṣàánú wa.” Ó ràn káàkiri ìjókòó bí iná ọyẹ́.

“Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni,” ni Maame Tawia wí. “Egya, ẹ̀tọ́ yín ni. Bí ẹ bá fẹ́ wòran, ẹ wòran.” Ṣùgbọ́n kò wò ó lójú.

Egya Abakah dúró bẹ́ẹ̀, èjìká kan sí pápá, èjìká kan sí wa. Sagoe sọ̀ kalẹ̀ wá sí iwájú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò gbọ́ yẹ̀yẹ́ kankan nínú ohùn rẹ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ ohun tó ò ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Mo bẹ̀ ọ́.”

Mo ti kàwé, n kò sì gbà pé ẹ̀yìn ènìyàn lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Síbẹ̀ mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó má yí.

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà sójú.

“Ìwọ lo máa sọ bó ṣe ń lọ fún mi,” ó wí fún Sagoe. “Bí o bá parọ́, mi ò ní gẹrun lọ́dọ̀ rẹ mọ́.” Ó sì jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí pápá.

Sagoe dúró tì í, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí. “Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa… wọ́n ti gbà á… aṣọ́lé wa mú un, ó ti mú un… ó jù ú sí Bentum…”

“Kó dúró!”

“Ó ń lọ.”

“Lọ síbo? Sọ fún un kó padà!”

“Panu dé, Abakah! Ó ti ré ẹnìkan kọjá. Ó ti ré ẹlòmíràn…”

Ohùn Sagoe já ní agbede méjì. Egya Abakah di bẹ́ǹṣì mú, ó ń wò wá. Ọrùn gbogbo wa nà sí apá kan, ẹnu gbogbo wa là, Maame Tawia gbá agbada ẹja rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ojú gbogbo wa tàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ariwo tó sọ kò ní orúkọ. Ẹja fọ́n káàkiri. Sagoe ti ṣubú sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń lu ilẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, mo ṣáà ń wo Egya Abakah. Kò yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, omi ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń ké pé, “Mo rí i! Ẹ gbà mí, mo rí i!”

Ìgbà tí fèrè ìparí dún ló tó yípadà. Àwọn ènìyàn ti bo koríko mọ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan láti rí níbẹ̀ mọ́ ju orí àti àsíá lọ.

“Kí lo rí?” Sagoe bi í, imú rẹ̀ ń ṣàn. “Ìwọ tó o kọ̀yìn!”

“Ẹ̀yin rí bọ́ọ̀lù kan tó wọ inú àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù ń wọlé lójoojúmọ́. Èmi rí i bó ṣe wọ inú gbogbo yín.” Ó gbá Sagoe lẹ́yìn. “O burẹ́wà nígbà tó o ń sunkún, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ.”

Wọ́n gbé Bentum kọjá níwájú wa lórí èjìká. Egya Abakah ṣí fìlà.

“Ọmọ mi, má bínú sí mi.”

“Egya, mo gbọ́ èébú yín kedere,” ni ọmọ náà wí, eyín rẹ̀ funfun nínú òógùn. “Òun ni mo ń sá fún yẹn!”

Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Maame Tawia béèrè pé ṣé Egya ti wá gbà báyìí pé ẹni ẹ̀yìn lè lọ síwájú.

“Èmi? Láéláé. Ó gbá a wọlé nítorí pé mi ò rí i ni. Ká ní mo rí i, mo ti pè é padà.”

A jó bọ̀ láti pápá dé etíkun, gbogbo ọkọ̀ ń fọn fèrè, àwọn apẹja gbé àsíá búlúù kọ́ sórí ọkọ̀ wọn. Níbi tí ọ̀nà ti yà sí ilé rẹ̀, Egya Abakah juwọ́ sí wa. Sagoe ní kó jẹ́ ká jọ lọ mu nǹkan, ṣùgbọ́n Egya ní ebi ń pa òun, ó sì gba ilé lọ.

Mo ń kọjá lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Òun nìkan ló wà nínú àgbàlá. Ó ti tan iná èédú, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé abọ́ amọ̀ tí wọ́n fi ń lọ ata sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó da ata sí i, ó da iyọ̀ sí i, ó gé àlùbọ́sà lé e, ó sì ń fi igi lọ̀ ọ́ yíká, yíká, láìkánjú. Ó tọ́ ọ wò. Ó fi tòmátì kan tí iná ti jó kún un, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná, ó sì fi ìka gbá etí abọ́ náà mọ́ tónítóní.