Lẹ́tà tí mo fún ní máàkì mẹ́rin

Bàbá ọmọ kíláàsì mi kan pè mí láti Àbíjàn lónìí, mo ti múra ìjà.

Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí òbí wọn. Ọmọbìnrin yìí ya tiẹ̀ ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀, tòun ti máàkì tí mo fi bírò pupa kọ sí i!

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, Faransé lèmi gbọ́. Kí lọmọ mi wí?"

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn: "Bàbá mi, ẹ wá sí Èjìgbò ní Iléyá yìí. Mo ti ga ju Màámi lọ, ẹ ò sì tíì rí mi."

Wọ́n ní: "Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Mẹ́rin nínú ogún ni mo fún un o! Gbogbo àṣìṣe ẹ̀ ni mo rí, mi ò rí ọmọ náà.

Ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi, mélòó lẹ̀yin ì bá fún un?