Kọ̀ǹpútà Onílé Mi

Onílé mi ní College Park, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń dijú bó bá ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ará Ìbàdàn ni, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Japan ni wọ́n ti ṣe kọ̀ǹpútà náà láyé àtijọ́, fún géèmù, tẹlifíṣọ̀n ló sì máa ń so ó mọ́. Kọ̀ǹpútà náà kì í tọ́jú nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti pa á, gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò tún gbogbo ìlà àṣẹ géèmù kan tó fúnra rẹ̀ ṣe tẹ̀ látòkèdélẹ̀, láìwo ìwé.

“Orí mi ni mo tọ́jú ẹ̀ sí,” ló máa ń wí. “Kí olè wá gbé e níbẹ̀!”

Lóṣù tó kọjá, géèmù náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Màdáámù, ṣé o fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi ni?” ó bi mí.

“Bàbá, n kò sún mọ́ ọn rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó tún padà sídìí ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ báyìí, ó sì ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi, ó ní òun máa já mi sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, ọ̀nà tó ti ń gbà láti bí ogún ọdún. Níkòríta àkọ́kọ́, ó dúró. Iná ti yí sí àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń tẹ hóònù. Èmi ò mọ ọkọ̀ wà.

“Màdáámù,” ó rọra pè mí, “ibo là ń lọ?”