Ìbọn Abẹ́ Ìrọ̀rí Àlàájà

Ìyá àgbàlagbà kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ilé ní Tandabáwì, ní Mẹ́kà. Bàbá rẹ̀ ló wá ṣe hájì láti Nàìjíríà tó jókòó síbẹ̀. Mẹ́kà ni wọ́n bí òun sí, àmọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara. Àlàájà ni mò ń pè é. Èmi ní tèmi, úmúrà ni mo bá dé tí mi ò padà sílé mọ́, mi ò sì ní ìkámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú wọn. Ẹni tí kò bá ní in, kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan pa òun àti ọlọ́pàá pọ̀.

Oníwúrà ni ọkọ Àlàájà, ó sì gba ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́ kan. Nígbà tó kú, wọ́n yí ìwé náà sórúkọ ọmọkùnrin wọn tó ń gbé ní Jẹ́dà, ṣùgbọ́n Àlàájà kò jẹ́ kó gbé ìbọn lọ. Olè ti fọ́ ilé ìsàlẹ̀ rí, òun nìkan ló sì ń sùn sílé. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi í sí, tòun ti ọta nínú. Tí mo bá fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá kọ́kọ́ pè é kó wá gbé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọkùnrin rẹ̀ náà gbé ọmọbìnrin kékeré tirẹ̀ wá kí i. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni Àlàájà pariwo pè mí.

"Ta ló wọ yàrá mi?"

"Èmi ni mo gbálẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, Àlàájà."

"Ìbọn mi dà?"

A tú bẹ́ẹ̀dì, a tú kọ́bọ́ọ̀dù, a tọwọ́ bọ inú ìrẹsì pàápàá. Kò sí níbẹ̀. Ó wá tẹjú mọ́ mi.

"Gbé báàgì rẹ wá."

Mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń fọwọ́ tẹ etí báàgì náà wò bóyá nǹkan wà nínú aṣọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá gbé tíì wá, á ní kí n kọ́kọ́ mu nínú ẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bóyá ó gbé e pamọ́ tó sì gbàgbé ni. Bóyá ó fẹ́ kí wọ́n wá mú mi. Èyí tó tún rú mi lójú jù ni ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sunkún lórí fóònù, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ṣé ẹ ti sọ fún ọlọ́pàá?" Ìyá ní rárá. Ọmọ náà ní, "Ẹ má tíì sọ." Ìbọn tó wà lórúkọ rẹ̀ sọnù, kò sì fẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́? Mo rò ó pé kí n sá lọ bá àwọn ará wa ní Núsúlà ní Jẹ́dà, àmọ́ tí mo bá sá, mo ti di olè nìyẹn.

Nígbà tó tún wá, àpótí irin kan ló gbé dání. Ó yọ ìbọn náà nínú táwẹ́ẹ̀lì.

"Èmi ni mo mú un. Mo bá ọmọ mi tó ń tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí yín."

Àlàájà dìde. "O mọ̀ pé mò ń tú ẹrù ọmọ ọlọ́mọ, o sì dákẹ́?"

Lárúbáwá ló fi dá a lóhùn, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. "Tí mo bá sọ, ẹ ò ní jẹ́ kí n gbé e. Òun náà ò lè fẹjọ́ sùn níbì kankan, kò ní ìkámà."

Mo gbọ́ ọ yékéyéké.

Ó kan àpótí náà mọ́ ògiri nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ìbọn mọ́nú rẹ̀ láìsí ọta. Ó ti ọta mọ́nú àpótí mìíràn tó wà ní yàrá kejì. Lẹ́yìn tó lọ, Àlàájà na kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn sí mi.

"Gbà, bá mi tọ́jú ẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ dákun, Àlàájà, mi ò gbà á."

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà."

Látìgbà náà, tó bá ti ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, màá jáde lọ dúró lórí àtẹ̀gùn. Kò ní kí n máa jáde. Kò sì sọ rí pé kí n jókòó.