Ìka Mẹ́ta Lára Ògiri

Bí mo bá ti gbóòórùn amọ̀ tútù tí wọ́n fi epo pupa pò, àárọ̀ ọjọ́ kan ní Sakété ló máa ń padà sí mi lójú, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Àwọn obìnrin ilé wa ká aṣọ dé orúnkún, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ láàárín àgbàlá. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ á fọwọ́ pa ògiri wò, á ní, "Ibí yìí ò tíì dán. Ẹ tún un rẹ́." Ọdọọdún la máa ń rẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí bàbá ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ. A ò mọ̀ pé èyí tá a rẹ́ lọ́jọ́ náà ni ìkẹyìn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ làwọn ará bírò ìjọba dé. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kan páànù kékeré kan tí wọ́n kọ Faransé sí mọ́ iwájú ilé. Wọ́n ní ilé wa ti di ilé ìtàn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o, a ò sì gbọdọ̀ fi amọ̀ kàn án mọ́ títí àwọn onímọ̀ wọn á fi dé. Inú Ìyá àgbà dùn débi pé ó bu ọtí sódàbì fún wọn. Lójoojúmọ́ ló ń ní kí n ka páànù náà fún òun, títí ó fi sú mi. Onímọ̀ kankan ò dé.

Ẹni tó dé ni ọkùnrin kan láti Kútọnu, tó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa. Ilé alájà mẹ́ta ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀, tí á fi háyà fáwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ síléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Onigbolo. Páànù wa ò dí i lọ́wọ́, ilẹ̀ tirẹ̀ ló ń gbẹ́. Ó gbẹ́ ẹ jìn, ó sì gbẹ́ ẹ dé ìdí ògiri yàrá Ìyá àgbà. Kí oṣù tó parí, ògiri náà ti lanu.

Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìyá mi ń tajà lọ́jà Ìlárá, Sátidé nìkan ló ń wálé. Ó mú ọwọ́ mi, ó ki í bọ inú sísán náà. "Àbẹ̀kẹ́, máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Bó bá gba ìka kan tàbí méjì, ẹ ṣì lè máa gbébẹ̀. Ọjọ́ tó bá gba mẹ́ta, má dúró dè mí. Mú ìyá àgbà rẹ, kẹ́ ẹ wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Issaba."

Ìdánwò sẹ́tífíkà tá a fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì. Mo mọ ẹni tó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lóko ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó wà níbẹ̀ títí dòní tó ń bẹ́ gbágùúdá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìka mi mẹ́ta wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, mo yára fà wọ́n yọ.

"Mélòó ni?"

"Méjì ni, Ìyá àgbà."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́sàn-án, mo sì sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà tó wálé ní Sátidé. Mi ò ní díbọ́n pé ó ṣe mí bí eré ọmọdé. Ó yé mi.

Lọ́jọ́ kẹwàá, òjò ti rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìka mẹ́rin ló wọlé. Mo tún ní méjì ni, mo gbé báàgì mi. Díkítéè, àpèkọ èdè Faransé, là ń kọ lọ́wọ́ nígbà tá a gbọ́ ariwo ńlá kan. Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, ní ọkọ̀ akẹ́rù ló já ẹrù sílẹ̀, la bá ń kọ̀wé lọ. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn gbé Ìyá àgbà jáde, wọ́n ti bò ó lójú. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ọkùnrin Kútọnu náà jókòó sórí yanrìn, ó ń ké bí ọmọdé. Èmi ò sunkún.

Nígbà tí ìyá mi sáré dé láti Ìlárá, ojú gbogbo èèyàn ló ti bi mí: "Mélòó ni láàárọ̀ yìí?"

"Méjì."

Ó yíjú sí wọn. "Ẹ gbọ́! Méjì ni. Ọmọ mi ò ní parọ́ fún mi." Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò. Mo yege nínú ìdánwò náà, ìyẹn ló sì sọ mí di olùkọ́ ní Àjàṣẹ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ kí ìyá mi ní Sakété. Aṣọ àwọn ayálégbé ń fẹ́ lórí àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iwájú ilé wa ṣì dúró, páànù ń bẹ lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti wó o tàbí láti tún un ṣe. Ìsàlẹ̀ sísán náà ṣì wà lára ògiri. Mo ki ìka bọ̀ ọ́. Ìka ọmọdé tó tín-ín-rín yẹn ò sí mọ́, ọwọ́ àgbà ni mo ní báyìí. Méjì péré ló wọlé, ẹ̀kẹta kọ̀.

Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Mélòó ni?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn parọ́ nítorí ẹ̀rù bà á. Ó dun mí pé èmi tí mo ti dàgbà kò láyà jù ú lọ láti sọ òótọ́.

"Méjì ni, Màmá."

"Mo ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì yípadà, ó ń lọ sílé.