Salímù Bakri Méjì

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin tí mo ti kéde ikú rẹ̀ fún gbogbo Atlanta wọlé wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó wọ kóòtù, ó ká ìwé ìròyìn wa há abíyá, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá èmi ni mo kọ ohun tó wà ní ojú ewé kẹta. Mo ní èmi ni. Ó fa àga, ó jókòó.

"Èmi ni Salímù Bakri," ó ní. "Mo ti ka gbogbo rere tí o sọ nípa mi. Ó wá ku kí n kú."

Ilé kéwú bàbá mi n'Ílọrin ni mo ti kọ́ èdè Lárúbáwá, mo sì kà á dé yunifásítì. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀. Páálí ni mò ń dì ní warehouse kan ní Douglasville, shift àárọ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fi Lárúbáwá tẹ̀, tí wọ́n máa ń kó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹran àti búrẹ́dì. Àṣìkọ mẹ́ta ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo fi bírò yí gbogbo wọn po, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá Múnírù, ará Íjíbítì tó jẹ́ olóòtú, wo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó bi mí pé ta ló ń sọ Lárúbáwá nílé wa. Mo ní kò sí, Yorùbá là ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi níṣẹ́ ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló dùn mọ́ nínú. Uncle kan ní mọ́ṣáláṣí wa bi mí pé, "Sàkínà, kéwú tó yẹ kó o fi kọ́ ọmọ, ìròyìn lo wá ń fi kọ?" Àwọn òǹkàwé mìíràn a tẹ̀ wá láago, wọn a ní kí á jẹ́ kí àwọn bá ọmọ Lárúbáwá tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀, wọn kò gbà pé èmi ni.

Ìkéde ikú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn wa. Ẹnì kan ló tẹ̀ wá láago pé Salímù Bakri ti kú. Salímù Bakri kan ṣoṣo ni mo mọ̀, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì sí Snellville, tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ará Sudan. Mo rò pé kò bójú mu kí n máa pe ilé ọ̀fọ̀, nítorí náà n kò pe ẹnikẹ́ni. Mo jókòó, mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo mọ̀ jọ. Mo pè é ní òpó, mo pè é ní òṣùpá, mo pè é ní òkun. Mo ka ohun tí mo kọ, orí mi sì wú.

Nísinsìnyí òkun náà jókòó níwájú mi. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó sọ fún mi pé obìnrin kan gbé oúnjẹ ọ̀fọ̀ wá sílé òun, nígbà tí òun fúnra òun ṣílẹ̀kùn, àwo náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n tèmi kọ́ ló burú jù," ó ní. "Salímù Bakri kan kú lóòótọ́. Morrow ló ń gbé, aṣọ àga ọkọ̀ ló ń rán. Ta ló kọ tirẹ̀?"

Mo mú bírò, mo béèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Nígbà tó lọ, ọ̀gá Múnírù ní kí á fi ìlà méjì tún un ṣe ní igun ojú ewé ìkẹyìn, kí á ní àṣìṣe àwọn tẹ̀wétẹ̀wé ni. Mo ní rárá, ojú ewé kẹta ni yóò wà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi ti àkọ́kọ́. Ó rán mi létí pé àwọn tí kò gbà mí gbọ́ tẹ́lẹ̀ yóò ní àwọn ti sọ ọ́, pé ẹni tó kọ́ èdè nínú ìwé kò lè mọ ohun tó ń lọ láàárín àwọn tó ni ín.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, sà," ni mo wí. "Orúkọ mi ló wà lórí irọ́ yẹn. Orúkọ mi náà ni yóò wà lórí òtítọ́."

Ó ní bí àwọn tó ni ìwé ìròyìn bá lé mi, òun kò ní lè dá wọn dúró. Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe parí shift, mo wakọ̀ lọ sí Morrow. Ìyá Nádíà, opó olóògbé, ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Àwọn ará Sudan náà ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá, bíi tiwa. Ó mọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní mo ti gbé ikú ọkọ òun fún ẹlòmíràn. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́, nítorí Lárúbáwá inú ìwé ni tèmi, ti ẹnu àwọn ará Sudan ni tirẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó rọra sọ ọ́. Ó wò mí, ó ní kí ló dé tí mò ń sọ̀rọ̀ bí ìmáàmù tó ń ka kútúbà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ lọ́sẹ̀ yẹn. N kò bi í ní rere tí ọkọ rẹ̀ ṣe. Mo bi í ní ohun tó máa ń ṣe bó bá jí láàárọ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń bá àwọn oníbàárà tó ń jẹun nínú ọkọ̀ jà. Gbogbo àga tó bá rán, ó máa ń fi àgékù aṣọ pupa kékeré pamọ́ sínú rẹ̀, níbi tí olówó ọkọ̀ kò ní rí láéláé, kí Ọlọ́run lè mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ òun.

Mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi lókè ojú ewé kẹta, mo sì kọ ìtàn aránṣọ náà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tẹ̀ wá láago, wọ́n bú mi. Tíṣà náà pè láti Snellville. Ó ní èyí dára, pé bí òun bá kú, kí n kọ́kọ́ wá bi ìyàwó òun.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Nádíà tí kò wọ ìwé ìròyìn kún ìwé àkọsílẹ̀ mi méjì. Inú wọn ni ìwé ìtàn àròsọ mi àkọ́kọ́ ti jáde. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ ní Lárúbáwá, láàárín shift àti ọmọ títọ́. Ilé ìtẹ̀wé kan dá a padà, wọ́n ní kí obìnrin Yorùbá lọ kọ nípa àwọn Yorùbá. Mo dì í, mo fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Wọ́n gbà á.

Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo lọ kà á fún Ìyá Nádíà nínú ilé ìdáná rẹ̀, nítorí kò mọ̀wéékà. Ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń gbọ́. Mo dé ibi tí aránṣọ inú ìtàn ti ń kú lọ, tó sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan fún ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ka ìwé náà ló yin gbólóhùn yẹn. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ìyá Nádíà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Kò sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Omi ló béèrè."

Mo ṣàlàyé pé ìtàn àròsọ ni, pé ọkùnrin inú ìwé kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kú kì í sọ irú ìyẹn. Òùngbẹ ló máa ń gbẹ ẹ́."

Mo mú bírò, mo fagi lé e lójú rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ó béèrè omi. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo kà á. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà.

"Máa kà á lọ," ó ní.